Bí A Ṣe Ń Gbẹ́ Kòtò Àyẹ̀wò Onímítà Kan ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì

Àpáàdì tí ẹnì kan he lẹ́bàá ọ̀nà l'Ẹ̀pẹ́ kò lè sọ ju pé ìkòkò kan ti fọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá bá irú àpáàdì kan náà nínú ilẹ̀, tí a mọ̀ pé sẹ̀ǹtímítà 35 ló fi jìn sí ojú ilẹ̀, pé eérú ààrò ló bò ó, pé ilẹ̀ pupa tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé orí rẹ̀ rí ló tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó lè sọ ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dáná níbẹ̀. Ibi tí nǹkan sùn sí ni ìtàn rẹ̀ wà. Ẹni tó bá hú u láìkọ ibẹ̀ sílẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà fún un.

Kì í ṣe nílẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe yìí. Ní Great Zimbabwe, ìlú àtijọ́ kan ní ìhà gúúsù Áfíríkà, láàárín 1902 sí 1904, Richard Hall kó erùpẹ̀ inú ahoro olókùúta náà dànù, ó ní òun ń tún ibẹ̀ ṣe. Inú erùpẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rí wà pé àwọn ọmọ Áfíríkà tó ni ilẹ̀ ló kọ́ ibẹ̀. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Gertrude Caton-Thompson dé ní 1929, àfi kó wá ibi tí ṣọ́bìrì kò tíì dé kó tó lè fìdí òtítọ́ náà múlẹ̀.

Kòtò àyẹ̀wò ni kòtò kékeré, mítà 1 níbùú, mítà 1 lóòró, tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń gbẹ́ láti mọ̀ bóyá ibì kan yẹ fún ìwalẹ̀ ńlá. Ẹni mẹ́ta tó iṣẹ́ náà ṣe: ọ̀kan á máa gbẹ́, ọ̀kan á máa jọ erùpẹ̀, ọ̀kan á máa kọ̀wé. Bí ẹ bá jẹ́ méjì péré, ẹ má yọ ìwé kíkọ kúrò. Kí ẹni tó ń gbẹ́ sinmi títí ajọ̀ á fi bá a.

Ìwé àṣẹ ṣáájú ọkọ́

Òfin 1979 tó dá àjọ NCMM sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, kò gbà kí ẹnikẹ́ni walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìní ìwé àṣẹ wọn. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó wà ní Oníkan l'Ékòó ni ẹ̀yin ará agbègbè ọ̀sà ti lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ọ̀nà tó yá jù fún ẹgbẹ́ ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́ girama ni kí wọ́n ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ awalẹ̀pìtàn yunifásítì kan, bíi ti Ìbàdàn, kí ìwé àṣẹ wà lórúkọ àwọn tó mọ iṣẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣèèṣì rí nǹkan nígbà tí ẹ ń gbẹ́ kànga tàbí ìpìlẹ̀ ilé, òfin fún yín ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà tàbí ìjọba ìbílẹ̀ létí. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ sì bu erùpẹ̀ díẹ̀ lé e. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ ní 1938 tí àwọn orí idẹ olókìkí fi jáde, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú.

Lẹ́yìn ìjọba, ó kan àwọn onílẹ̀. Ẹ lọ rí ẹbí tó ni ilẹ̀, ẹ rí baálẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì dé ààfin, ìbáà jẹ́ ti Akran l'Ágbádárìgì tàbí ti Ayángbùrẹ́n n'Íkòròdú. Ẹ béèrè ibi tí orò wà, ibi tí obìnrin tàbí àlejò kì í dé, àti ibi tí wọ́n sin òkú sí. Ìbéèrè òkú yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí pé inú ilé ni àwọn bàbá wa ń sin òkú sí láyé àtijọ́; ẹni tó bá gbẹ́ àárín agboolé àtijọ́ lè bá sàréè pàdé. Bí egungun èèyàn bá yọ, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ bò ó, ẹ pe àwọn onílẹ̀, ọlọ́pàá àti àjọ náà. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ti èèyàn ni tàbí ti ewúrẹ́, ẹ ṣe é bí ẹni pé ti èèyàn ni.

Ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà pẹ́ díẹ̀ níbi ìbéèrè yìí. Wọ́n mọ ibi tí ààtàn wà nígbà èwe wọn, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, ibi tí ebu epo wà. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan lẹ́nu wọn lè gbà yín lọ́wọ́ kòtò mẹ́ta tí kò ní nǹkan nínú.

Ààtàn ni ẹ ń wá, kì í ṣe ààfin

Ẹ fẹsẹ̀ wá ibi tí ẹ ó gbẹ́ kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè rẹ̀, lẹ́yìn òjò kan tàbí méjì, ló dára jù: ọkọ́ ti yí ohun abẹ́ ilẹ̀ sókè, òjò sì ti fọ erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹni márùn-ún á tò, mítà 2 láàárín ẹnì kan sí ìkejì, wọ́n á máa rìn lọ tààrà, ojú nílẹ̀. Ibi tí ẹnì kan bá ti rí àpáàdì, kó fi igi tó so aṣọ pupa mọ́ lórí gún ibẹ̀, kó má ṣe ṣà á. Bí ẹ bá rìn ín tán, ẹ bọ́ sẹ́yìn kí ẹ wo ibi tí aṣọ pupa ti pọ̀ jù. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tún dúdú bí eérú láàárín ilẹ̀ pupa, bí ìdàrọ́ irin tàbí ìkarawun ìṣáwúrú bá wà níbẹ̀, tàbí bí pèrègún àti akòko bá dá dúró níbi tí kò sí ilé mọ́, ẹ ti dé etí ibùgbé àtijọ́.

Ààtàn dára ju ilé lọ fún kòtò àkọ́kọ́ torí pé ìdọ̀tí ti àná ló wà lábẹ́ ti òní. Ilé ni wọ́n ń gbá lójoojúmọ́. Ààtàn ni ohun tí wọ́n gbá ń lọ, ibẹ̀ ló sì tò sí ní ìpele ní ìpele.

Etí iyanrìn Àgbádárìgì àti erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fú ní ìṣòro tirẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ń ru nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ fọwọ́ pa etí àpáàdì tí ẹ rí: bó bá mú, ibi tó ti fọ́ kò jìnnà, bí etí rẹ̀ bá ti dán, tó ti yípo bí òkúta odò, omi ló gbé e wá, ibẹ̀ kọ́ ni ẹ ó gbẹ́.

Ògiri ìlú àti yàrà Erédò Sùngbọ́ tó gba agbègbè Ẹ̀pẹ́ kọjá lọ sí Ìjẹ̀bú kì í ṣe ibi tí a ń gbẹ́ kòtò ìkọ́ṣẹ́ sí. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, láwọn ibì kan ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri. Ohun tí ẹgbẹ́ ìlú lè ṣe níbẹ̀, tó sì wúlò gidigidi, ni kí wọ́n ya fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń bu erùpẹ̀ rẹ̀ tà tàbí tí ilé ti ń wọ̀ ọ́, kí wọ́n kọ ipò ibẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí NCMM.

Ẹ fi fóònù gba ipò ibi tí ẹ yàn, nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn àmì ẹ̀sún (póìntì). Níta gbangba, fóònù lè ṣì í tó mítà 3 sí 5. Lábẹ́ igi ńlá, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ tún fi téèpù wọn ọ̀nà tó jìn láti ohun méjì tí kò lè kúrò níbẹ̀, bí igun mọ́ṣáláṣí àti igun kànga oníkọ́ńkéré. Òpó iná kò dára fún èyí, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà àti irinṣẹ́

Oṣù Kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni kí ẹ gbẹ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ okùn sínú kànga tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, ẹ wọn ibi tí omi wà. Bí omi bá wà ní mítà 1.5, ẹ má retí kí kòtò yín kọjá mítà 1 dáadáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti di ẹrẹ̀.

Irinṣẹ́ kò pọ̀. Ṣíbí bíríkìlà kékeré, èyí tí irin rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 lọ, tí a pọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìkólẹ̀, korobá lítà 10 mẹ́rin, téèpù mítà 5 méjì, ìṣó gígùn, okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kọ́ńpáàsì. Ajọ̀ onípákó tí wáyà rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 5, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó mọ́. Ọ̀rá tó nípọn, káàdì pélébé, òṣùwọ̀n ilé ìdáná, fọ́ìlì, ike ìfúnmi irú èyí tí àwọn onídìrí ń lò. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ káàdì. Omi inú erùpẹ̀ lè pa báírò rẹ́, ọ̀rá tí orúkọ rẹ̀ sì ti parẹ́ kò yàtọ̀ sí àpáàdì tí a he lẹ́bàá ọ̀nà.

Bí kòtò ṣe ń ní igun

Ẹ kan ìṣó méjì mọ́lẹ̀, mítà 1 láàárín wọn, kí ìlà náà dojú kọ àríwá. Láti rí ìṣó kẹta àti ìkẹrin, ẹ lo téèpù méjì lẹ́ẹ̀kan náà: mítà 1 láti ìṣó kan, mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 41.4 láti ìkejì. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni igun. Lẹ́yìn náà ẹ wọn láti igun dé igun òdìkejì lọ́nà méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju mílímítà 5 lọ, kòtò yín ti wọ́, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbẹ́. Ẹ fa okùn náà kọjá igun, kí èèkàn wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí ìta, kí ó má baà wó wọlé.

Jíjìn ni ọ̀pọ̀ ń ṣì. Wọn kì í wọn ọ́n láti ojú ilẹ̀, torí ojú ilẹ̀ kò tẹ́jú, ẹsẹ̀ yín á sì tẹ̀ ẹ́ rì kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ wá ohun tí kò lè mì nítòsí, ẹ kan ìṣó sí i. Ìyẹn ni àmì ìdíwọ̀n. Ẹ lo rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà fi ń mú ilé tẹ́jú láti gbé gíga ìṣó yẹn dé ibi kòtò, kí ẹ ta okùn kan síbẹ̀ tó tẹ́jú. Láti okùn yìí ni ẹ ó ti máa wọn ohun gbogbo sísàlẹ̀. Kí rọ́bà tó wúlò, kò gbọdọ̀ sí afẹ́fẹ́ nínú omi rẹ̀: ẹyọ afẹ́fẹ́ kan lè mú kó parọ́ tó sẹ̀ǹtímítà 2, ìyẹn sì tó láti gbé àpáàdì kan láti ìpele kan sí òmíràn nínú ìwé.

Gbígbẹ́

A ń gbẹ́ ẹ ní abala sẹ̀ǹtímítà 10. Abala kan jẹ́ lítà 100 ilẹ̀ tó ṣì dì. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ tán á wú, á tó korobá 12 tàbí 13. Ẹ ka korobá kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà kan sínú ìwé fún un, torí pé àpáàdì 40 nínú korobá 12 yàtọ̀ sí àpáàdì 40 nínú korobá 5.

Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ṣíbí fá ilẹ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ ara yín, bí ẹni ń fá ìdí ìkòkò. Ẹnu ṣíbí kì í ṣe fún gígún. Kí gbogbo ojú kòtò máa lọ sísàlẹ̀ pa pọ̀. Ẹ má gbẹ́ ihò sí apá kan láti wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ara á máa yún yín láti ṣe é, pàápàá lọ́jọ́ kẹta tí kò tíì sí nǹkan, ṣùgbọ́n ihò yẹn á da ìpele méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí ẹ tó mọ̀.

Bí àwọ̀ ilẹ̀ bá yí padà, tàbí bó ṣe rí lọ́wọ́ bá yí padà, ẹ dúró, kódà bó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 péré ni ẹ tíì lọ. Abala tuntun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rá tuntun, káàdì tuntun. Sẹ̀ǹtímítà 10 wà fún ibi tí ilẹ̀ kò bá fi ìyàtọ̀ hàn. Ìpele ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá. Nínú iyanrìn gbígbẹ, gbogbo àwọ̀ á jọra: ẹ fún omi sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ike ìfúnmi, kí ẹ sì wò ó ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Láti mọ irú ilẹ̀, ẹ bu díẹ̀, ẹ fomi po ó, ẹ yí i láàárín ọwọ́. Bó bá ṣeé nà bí okùn, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá ń fọ́nká, iyanrìn ni.

Àmì róbótó dúdú tó mọ́ kedere lè jẹ́ ojú ihò òpó ilé àtijọ́. Ẹ má gbẹ́ ẹ pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tó yí i ká. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú ihò náà jáde, ìdajì ní àkọ́kọ́ kí ẹ lè rí bó ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí òun ló dé kẹ́yìn. Bákan náà ni kòtò ìdọ̀tí. Ẹni tí kò bá rí i pé wọ́n gbẹ́ kòtò láti òkè wọ inú ilẹ̀ àtijọ́ á bá ìgò 1950 lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáàdì tó ti wà níbẹ̀ fún 500 ọdún, á sì pè wọ́n ní ìkan náà.

Akàn náà ń gbẹ́lẹ̀, òkété náà ń gbẹ́lẹ̀. L'Ágbádárìgì, ihò akàn àti gbòǹgbò àgbọn ló ń da ìpele rú jù. Ihò akàn tó ti kún máa ń rọ̀ ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì máa ń dúdú díẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ní abala karùn-ún, ẹ má jù ú nù ní ìkọ̀kọ̀: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fún un ní nọ́ńbà, torí òun ló ń sọ fún yín pé abala yẹn ti dàrú.

Ohun tó bá yọrí, ẹ má fà á. Ẹ gbẹ́ àyíká rẹ̀ títí yóò fi dá dúró, ẹ wọn ọ́n láti ògiri méjì àti láti okùn, ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n àti àmì àríwá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ tó gbé e. Bí abala bá parí, ẹ wọn jíjìn rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, ẹ kọ nọ́ńbà márààrún. Lórí káàdì ni orúkọ ibẹ̀, kòtò, abala, jíjìn ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, àwọ̀, irú ilẹ̀, iye korobá, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ máa wà. Káàdì kan nínú ọ̀rá, àkọlé kan lára ọ̀rá.

Ẹ̀mí ṣe kókó ju ìtàn lọ. Iyanrìn etí ọ̀sà kò ní ìdè. Ògiri kòtò lè ya lulẹ̀ láìṣe ìkìlọ̀, ẹni tó sì kúnlẹ̀ sínú kòtò mítà 1 ti kéré ju ògiri náà lọ. Nínú iyanrìn rírọ̀, ẹ má kọjá mítà 1. Nínú ilẹ̀ pupa Ìkòròdú, mítà 1.2 ni òpin. Ẹ kó erùpẹ̀ tí ẹ gbẹ́ sí ibi tó jìn tó mítà 1 sí etí kòtò, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí etí náà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lọ jìn sí i, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí mítà 2 níbùú àti lóòró, kí ẹ fi àkàbà ilẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50.

Abala méjì tó tẹ̀ léra tí kò ní nǹkan nínú ló ń fi hàn pé ẹ ti dé ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, ẹ gbẹ́ igun kan ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí i, láìkọjá òpin jíjìn tí a sọ lókè. Ọ̀sà ti da iyanrìn òfìfo bo ibùgbé rí, ibùgbé àtijọ́ jù sì lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Ajọ̀ àti omi

Gbogbo erùpẹ̀ ló gbọdọ̀ gba inú ajọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n wáyà mílímítà 5 kò lè mú egungun ẹja kéékèèké àti ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ohun méjì tó sì yẹ kí ìlú apẹja bí Ẹ̀pẹ́ ní lọ́pọ̀lọpọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, láti abala kọ̀ọ̀kan ẹ mú korobá kan ṣoṣo, lítà 10, láti igun kan náà nígbà gbogbo. Ẹ dà á sínú agbada omi, ẹ rú u jẹ́jẹ́. Èédú àti hóró tó ti jóná á léfòó. Ẹ da omi òkè yẹn sórí aṣọ funfun, kí ẹ so aṣọ náà kọ́ sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Ohun tó rì, ẹ fọ̀ ọ́ nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣà á lórí àtẹ.

Fífọ̀ àti kíkà àpáàdì

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ àti omi lásán, láìsí ọṣẹ. Ẹ fọ ọ̀rá kan tán kí ẹ tó ṣí òmíràn, kí ẹ sì pààrọ̀ omi. Irin kì í kan omi; èédú kì í kan omi níbí; àpáàdì tí èépá oúnjẹ tàbí ẹ̀èrí dúdú lẹ̀ mọ́ nínú, ẹ yà á sọ́tọ̀ láìfọ̀, torí ilé àyẹ̀wò lè rí epo oúnjẹ àtijọ́ nínú rẹ̀. Ibòji ni kí ẹ ti sá a, fún ọjọ́ 2 ó kéré tán. Ìkòkò tí iná kò jó dáadáa máa ń sán bí oòrùn bá pa á, èyí tí ẹ bá sì dì sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì tutù á hu.

Àpáàdì tí ẹ gbẹ́ ní etí omi oníyọ̀ l'Ágbádárìgì, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí iyọ̀ bá gbẹ sínú rẹ̀, ojú rẹ̀ á máa ṣí ní pẹlẹbẹ, gbogbo iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ á sì bá a lọ. Igi tí ẹ bá nínú ẹrẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ rárá. Nínú omi ni kó wà títí ẹni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀ yóò fi dé.

Ẹ pín àwọn àpáàdì sí ẹnu, ọrùn, ara àti ìdí. Ẹ kà wọ́n, kí ẹ sì wọ̀n wọ́n, torí ìkòkò kan lè fọ́ sí mẹ́ta tàbí ọgbọ̀n, ìwúwo rẹ̀ kì í yí padà. Ẹ fi kọ́ńpáàsì ilé ìwé fa òbìrípo sórí ìwé, ọ̀kan nínú ìkejì, sẹ̀ǹtímítà 1 láàárín wọn. Ẹ gbé ẹnu ìkòkò dúró lé e títí yóò fi bá òbìrípo kan mu. Ẹ ti mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà tínńtín sí inú àpáàdì, lórí fáníìṣì èékánná tí kò ní àwọ̀, kì í ṣe sí etí tó ti fọ́, torí etí yẹn lè bá òmíràn mu lọ́jọ́ kan.

Kí ló ń sọ ọjọ́ orí ìpele?

Èyí tó dé ayé kẹ́yìn nínú ìpele ló ń pa ọjọ́ rẹ̀. Àpáàdì 99 lè jẹ́ ti àtijọ́. Bí ẹyọ kan tó sọ wọ́n di ọgọ́rùn-ún bá ní ojú àgbàdo lára, ìpele náà kò lè ṣáájú àgbàdo. Èyí ni ẹ̀bùn tó tóbi jù fún awalẹ̀pìtàn nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn amọ̀kòkò ń yí okùn tí wọ́n lọ́, igi tí wọ́n gbẹ́, tàbí ṣùùkù àgbàdo lórí amọ̀ tútù kó lè ní ọnà. Àgbàdo wá láti Amẹ́ríkà, kò sì lè dé ìhà ibí kó tó di pé Columbus rìnrìn àjò 1492. Ojú ihò kéékèèké tó tò ní ìlà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí ibi tí hóró ti já, ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ìkòkò tábà náà bẹ́ẹ̀: tábà àti àgbàdo jọ ti òkè òkun kan náà wá ni.

Ìkòkò tábà funfun tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù tún ní àṣírí mìíràn. J. C. Harrington ṣàkíyèsí ní 1954 pé ihò inú ọ̀pá rẹ̀ ń kéré sí i: nǹkan bíi mílímítà 3.5 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 17, nǹkan bíi mílímítà 1.6 ní òpin ọ̀rúndún 18. Ìdí irin ìlugi ni wọ́n fi ń wọn ihò náà. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe ìwọ̀n yìí, ó sì fẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pá, kì í ṣe ẹyọ kan. Ìkòkò tábà amọ̀ tí àwọn èèyàn wa mọ kò tẹ̀ lé e.

Owó ẹyọ ní oríṣi méjì. Èyí tó kéré, tó ní gegele lẹ́gbẹ̀ẹ́, wá láti erékùṣù Maldives, ó sì ti pẹ́ níbí. Èyí tó tóbi díẹ̀, tí òrùka pupa rúsúrúsú wà lẹ́yìn rẹ̀, wá láti etíkun Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Àárín ọ̀rúndún 19 ni àwọn oníṣòwò dà á sí ọjà wa ní rẹpẹtẹ, títí tó fi sọ owó di yẹpẹrẹ. Ìpele tí irú èyí bá pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ayé Àgbádárìgì àkọ́kọ́. Ìpele bẹ́ẹ̀ l'Ẹ̀pẹ́ lè bọ́ sí ìgbà tí Kòsọ́kọ́, tó jọba Èkó rí, fi ibẹ̀ ṣe ibùdó, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851.

Ìgò ni kí ẹ yí wò. Bí àpá gígé tó rí ṣákaṣàka bá wà ní ìdí rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi fẹ́ ẹ. Bí ìlà máwúùdù bá gòkè títí dé orí ètè ẹnu rẹ̀, ẹ̀rọ ló ṣe é, ẹ̀rọ tí Michael Owens gbé jáde ní nǹkan bí 1903.

Lórí èédú, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó náwó sí àyẹ̀wò ọjọ́ orí rẹ̀. Willard Libby àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọ̀nà fífi kábọ́ọ̀nù 14 mọ ọjọ́ orí jáde ní 1949. Kábọ́ọ̀nù yìí wà nínú gbogbo ohun tó ti wà láàyè rí; lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìdajì kábọ́ọ̀nù náà máa ń tán láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún. Fún ohun tó ti ṣáájú 1600, ó dára gan-an: òun ló jẹ́ kí ìwalẹ̀ àìpẹ́ yìí lè fi kíkọ́ Erédò Sùngbọ́ sí òpin ọ̀rúndún 14 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1650 títí dé 1950, kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ ń lọ sókè sódò débi pé èsì kan lè bá ọdún 1680, 1780 àti 1900 mu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń walẹ̀ ní ibi òwò ẹrú Àgbádárìgì tó sì fi owó rẹ̀ sórí èédú ti ṣe àṣedànù. Ìgò, ìkòkò tábà àti owó ẹyọ á sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá sì yẹ kí ẹ mú èédú, ẹ wá èésan tó jóná. Igi ìrókò lè ti gbé 300 ọdún kí wọ́n tó fi dáná, àárín rẹ̀ á sì sọ ọjọ́ orí tirẹ̀, kì í ṣe ti iná. Ekùrọ́ ọdún kan ni èésan. Orí ṣíbí tó mọ́ ni kí ẹ fi gbé e, kì í ṣe ọwọ́, sínú fọ́ìlì, kì í ṣe òwú tàbí bébà.

Yíyàwòrán ògiri àti dídí kòtò

Kí ẹ tó dí i, ẹ fá ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó mọ́, ẹ fún omi sí i, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ yà á sórí ìwé onílà kéékèèké, sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún 10. Ẹ ta okùn tó tẹ́jú kọjá ògiri. Ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10 lórí okùn, ẹ wọn sísàlẹ̀ dé ibi tí ìpele kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àmì sí i, ẹ so àwọn àmì pọ̀. Ojú yín á rí lára ògiri ohun tí kò rí nígbà tí ẹ ń gbẹ́: etí kòtò tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ kọ ìyẹn náà, kí ẹ padà sí àwọn ọ̀rá abala tó kàn, kí ẹ sàmì sí wọn pé wọ́n ti dàpọ̀.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá nípọn sí ìdí kòtò, kí ẹ sì fi ìgò kékeré tó ní káàdì ọjọ́ yẹn sí orí rẹ̀, kí ẹni tó bá tún walẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú mọ ibi tí ẹ dé dúró. Ẹ da erùpẹ̀ padà ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀; bí ẹ bá dà á ní ẹ̀ẹ̀kan, òjò àkọ́kọ́ á jìn ín, ẹsẹ̀ ọmọ onílẹ̀ á sì já sí i. Àwọn ọ̀rá, káàdì, àwòrán àti ìwé gbogbo á lọ pa pọ̀ sí ibi tí ìwé àṣẹ yín dárúkọ, ẹ̀dà kan ìwé náà á sì wà lọ́dọ̀ ẹbí tó ni ilẹ̀, ní èdè Yorùbá tàbí Ègùn tí wọ́n lè kà.